Bí A Ṣe Ń Fi Tẹmómítà Bọ́ Ẹja Àrọ̀ Kí Oúnjẹ Lè Dà Nínú Rẹ̀

Ní àárọ̀ ọyẹ́ kan, mo bu fíìdì sínú táńkì oníbúlọ́ọ̀kù tí mo fi ń sin ẹja àrọ̀ ní Ọbantoko, ní Abẹ́òkúta, ní agogo méje géérégé, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe bọ̀ láti ìgbà òjò. Àwọn ẹja tí wọ́n máa ń da omi rú bí ẹni pé ó ń hó kò sáré wá sókè. Díẹ̀ nínú wọn yọjú, wọ́n gbé ẹyọ mélòó kan mì, wọ́n sì padà sísàlẹ̀. Mo rò pé oorun ṣì ń kùn wọ́n ni, mo bá tún bu sí i. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, fíìdì tí wọn kò jẹ ti wú, ó ti rì, omi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Lọ́jọ́ kejì, ní agogo méje kan náà, mo ti tẹmómítà bọ omi, 22°C ni mo sì bá níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti jáwọ́ nínú fífi aago nìkan bọ́ ẹja.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ara ewúrẹ́ àti ti adìyẹ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bákan náà, ìbáà jẹ́ ọyẹ́ ni ó ń fẹ́ tàbí oòrùn ni ó ń ràn, nítorí pé wọ́n ń yọ lára oúnjẹ tí wọ́n jẹ láti fi mú ara wọn gbóná. Ẹja kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí omi bá ṣe móoru sí ni inú rẹ̀ ṣe ń móoru sí, bí omi bá sì tutù, ikùn, ìfun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò tutù pẹ̀lú. Inú ikùn àti ìfun yìí ni àwọn èròjà tí ń da oúnjẹ wà, àwọn tí a ń pè ní ẹ́ńsáìmù: pepsin ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí amúaradàgbà nínú ikùn, trypsin ń bá a lọ nínú ìfun, lipase ń tú ọ̀rá, amylase sì ń tú èròjà inú àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tí ń fúnni lókun. Iṣẹ́ gbogbo wọn ń yára sí i bí omi bá ṣe ń gbóná sí i, títí dé ibi tí ara ẹja lè gbà á mọ. Bí ìgbóná omi bá fi ìwọ̀n 10 dínkù, eré wọn sábà máa ń já sí ìdajì tàbí kó dín sí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tí ì bá ti kúrò nínú ikùn kí ilẹ̀ tó ṣú lè wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ohun kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ olùsin ẹja ń ṣì lóye, èmi náà sì ṣì í lóye fún ìgbà pípẹ́. A máa ń rò pé bí omi bá tutù, ẹja kàn ń jẹun tí ó sì ń yà á dànù láìdà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìpín amúaradàgbà tí ẹja ń rí yọ nínú oúnjẹ tí ó ti gbé mì kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, nítorí pé bí àwọn ẹ́ńsáìmù ṣe ń falẹ̀ ni oúnjẹ náà ń pẹ́ sí i nínú ìfun, èyí sì ń dí èkejì. Ohun tí ó ń dínkù gan-an ni ìwọ̀n tí ẹja lè jẹ lẹ́ẹ̀kan, àti bí yóò ṣe tètè ṣe tán láti tún jẹ òmíràn. Nítorí náà, inú omi ni owó wa ń bọ́ sí, kì í ṣe inú ẹja. Ọ̀rá líle àti àgbàdo tí iná kò kàn ni ìgbóná omi ń hàn lára wọn jù, mo sì ń bọ̀ wá sórí wọn.

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà nínú oúnjẹ, ẹ kọ́kọ́ mọ omi yín. Tẹmómítà kan ṣoṣo tó. Ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹ jẹ́ kí ó wọlé dé àárín jíjìn omi, nítorí pé omi ojú òkè tí oòrùn ń pa máa ń tanni jẹ. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí oòrùn tó yọ àti láàárín agogo méjì sí mẹ́rin ọ̀sán, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ìwọ̀n fíìdì tí ẹ bù lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ óò rí i pé táńkì yín ní ìwà tirẹ̀. Táńkì oníbúlọ́ọ̀kù tí kò jìn máa ń tètè gbóná, ó sì máa ń tètè tutù. Adágún alámọ̀ tí ó jìn ju mítà kan lọ, irú èyí tí wọ́n ń gbẹ́ sí àbàtà ẹ̀bá Odò Ògùn, máa ń lọ́ra kí ó tó yí padà. Omi bóhóòlù kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìgbà, nítorí pé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kì í gbóná tàbí tutù bí afẹ́fẹ́ òkè. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá tọwọ́ bọ omi bóhóòlù ní àárọ̀ ọyẹ́ fi máa ń rò pé wọ́n gbé e kaná. Ṣùgbọ́n omi kan náà, bí ó bá ti wà nínú ike dúdú ńlá tí a gbé sókè títí di agogo mẹ́ta ọ̀sán, lè gbóná ju bí ẹja ṣe fẹ́ lọ, nítorí náà ẹ má kàn ṣí i lé ẹja lórí láìwọ̀n ọ́n.

Fún ẹja àrọ̀ tí à ń sìn, láàárín 25°C sí 30°C ni ó ti ń jẹun dáadáa, ọ̀kánkán 28°C sí 30°C ni ó sì ti ń dàgbà jù. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó ní 500 ẹja tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó 300 gíráàmù ní 150 kílò ẹja nínú omi. Bí ó bá ń fún wọn ní ìdá 3 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn lójúmọ́, kílò 4.5 ni fíìdì rẹ̀, èyí tí mo máa ń pín sí ẹ̀ẹ̀mejì nígbà tí omi bá wà ní 28°C. Bí tẹmómítà bá sọ pé 25 sí 27 ni, mo máa ń yọ nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan kúrò, kí ó kù díẹ̀ lé ní kílò mẹ́ta. Bí ó bá bọ́ sí 22 sí 24, mo ń gé e sí ìdajì, kílò 2.25, mo sì ń bù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láàárín agogo kan sí mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá ti mú omi náà móoru díẹ̀. Bí ó bá bọ́ sísàlẹ̀ 20, ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ ni mo fi ń dán wọn wò, bí wọn kò bá dáhùn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, mo kó àpò fíìdì mi padà sílé. Àwọn ìwọ̀n yìí jẹ́ ibi ìbẹ̀rẹ̀ tí mo bá nínú iṣẹ́ ọwọ́ mi, kì í ṣe òfin, ojú tí ẹ fi ń wo bí ẹja ṣe ń jẹ ni kí ó tún un ṣe. Ẹja epìyà náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí: òun náà fẹ́ omi tó móoru, ọ̀fun rẹ̀ sì máa ń dí bí omi bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 20°C.

Ọ̀rọ̀ ooru àpọ̀jù yàtọ̀, mo sì rò pé òun ni a kò bẹ̀rù tó. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, táńkì tí kò ní ìbòòji lè kọjá 32°C ní ọ̀sán. Ẹja á ṣì máa jẹ, nítorí náà a kì í fura. Ṣùgbọ́n dídà oúnjẹ fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí ń gba ọ́síjìn, bẹ́ẹ̀ omi tó gbóná kò lè gbé ọ́síjìn púpọ̀: omi tó wà ní 20°C lè gbà tó mìlígíráàmù 9.1 nínú lítà kan, ní 25°C ó di 8.3, ní 30°C ó di 7.6. Àwọn kan yóò sọ pé ẹja àrọ̀ ń yọrí mí afẹ́fẹ́, pé kí ló kàn án. Òótọ́ ni pé ó ní ohun tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹja wẹẹrẹ kò tíì ní in, ẹja ńlá tó sì ń sáré lọ sókè sódò láti mí ń ná okun tí ì bá fi sanra. Nínú omi aláwọ̀ ewé, ìdájí ni ọ́síjìn máa ń kéré jù, nítorí náà ẹ má bọ́ ẹja kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ má sì ṣe bu oúnjẹ rẹpẹtẹ fún wọn ní àṣálẹ́, kí iṣẹ́ dídà oúnjẹ má baà bọ́ sí ìgbà tí ọ́síjìn kò sí.

Ooru tún ń bá amóníà ṣe àjọṣe. Amúaradàgbà tí ẹja dà ṣùgbọ́n tí kò lò ni ó ń di amóníà nínú omi, apá kan nínú rẹ̀ ni ó sì léwu jù. Bí pH omi, ìyẹn òṣùwọ̀n tí ń fi hàn bí omi ṣe kan tó, bá jẹ́ 8, nǹkan bí ìdá 5.4 nínú 100 amóníà náà ni ó wà ní ipò eléwu ní 25°C, ní 30°C ó ti ń lọ sí 7.5. Ẹni tí ó bá ń bọ́ ẹja yó àyóyókù nínú ooru ń da májèlé sínú omi ara rẹ̀, ẹja tí amóníà bá sì ti ń dà láàmú kì í fẹ́ jẹun mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí ó wà nínú fíìdì. Ẹja àrọ̀ jẹ́ ẹja tí ń jẹ ẹran jù, ìfun rẹ̀ kúrú, nítorí náà amúaradàgbà ni ó mọ̀ ọ́n dà jù. Ọmọ ẹja ń fẹ́ kí ó tó 40 sí 45 nínú 100, àwọn tó ti dàgbà ń fẹ́ 35 sí 40. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sára àpò kọ́ ni ẹja ń rí gbà. Nínú 100 ìwọ̀n amúaradàgbà ẹja lílọ̀ tó dára, ẹja àrọ̀ lè rí 85 sí 90 dà. Ti awọ, ìyẹ́ àti irun tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn láìsè dáadáa kò sún mọ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ilé ìwádìí gbogbo rẹ̀ ni yóò jáde gẹ́gẹ́ bí amúaradàgbà.

Ẹni tí ó bá ń po fíìdì fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sóyà kàn jù. Ẹ̀wà sóyà tútù ní ohun kan nínú tí ó ń di trypsin lọ́wọ́, bí a bá sì fún ẹja bẹ́ẹ̀, amúaradàgbà yóò gba inú rẹ̀ kọjá ni. Iná ni ó ń pa ohun náà. Ẹ da sóyà sínú omi tó ti ń hó, kí ó sè fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sá a gbẹ kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Tàbí kí ẹ yan án nínú agbada títí òórùn ẹ̀wà tútù yóò fi kúrò tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ dá a dúró níbẹ̀. Èyí tí ó bá ti dúdú ti jóná, iná àjùlọ sì máa ń ba lysine jẹ́, èròjà tí ẹja kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Kúlíkúlí dára, àmọ́ ẹ fi imú gbọ́ ọ kí ẹ tó rà á lọ́jà, nítorí pé èyí tó bá ti bu máa ń ní májèlé tí ń jẹ ẹ̀dọ̀ ẹja, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe òróòro tí a fi ń da ọ̀rá.

Lórí oúnjẹ afúnnilókun, láfún ni yóò bá mi ṣàlàyé. Gbogbo ẹni tó ti ro láfún rí ní Abẹ́òkúta mọ̀ pé omi tútù kò lè sọ ọ́ di òkèlè. Yóò kàn rọ̀ sísàlẹ̀ igbá bí ẹfun ni. Omi tó ń hó àti orógùn ni ó ń tú u tí ó fi ń di ohun tí ó fà. Bákan náà ni àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ rí nínú fíìdì. Bí iná àti omi kò bá tíì tú wọn, amylase díẹ̀ tí ẹja àrọ̀ ní kò lè ráyè wọ inú wọn, pàápàá nígbà tí omi bá tutù. Fíìdì tó ń léfòó, èyí tí ẹ̀rọ fi ooru àti agbára tẹ̀ jáde, ti jiná nípa èyí. Èyí tí a fi ẹ̀rọ ìlọta lásán tẹ̀ nílé kò jiná. Nítorí náà, ẹ ro láfún tàbí ìyẹ̀fun àgbàdo náà lórí iná ná, bí ẹni ń ro ẹ̀kọ tó ki, kí ẹ tó da àwọn ìyókù sí i kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Yóò dì mọ́ra, kò ní tètè fọ́ nínú omi, yóò sì dà nínú ẹja. Ẹja epìyà, tí ìfun rẹ̀ gùn ní ìlọ́po mélòó kan ju ara rẹ̀ lọ, lè fara da oúnjẹ ìhà yìí ju àrọ̀ lọ.

Ti ọ̀rá, ẹ wo ìgò epo pupa yín ní àárọ̀ ọyẹ́. Ó ti dì, ẹ ní láti gbé e sínú oòrùn kó tó dà. Ọ̀rá tó máa ń dì bẹ́ẹ̀ kì í rọrùn láti tú nínú ẹja tí ara rẹ̀ tutù bí omi, nígbà tí epo ẹja àti òróró sóyà, tí kì í dì, rọrùn fún un. Fíìdì ẹja àrọ̀ sábà máa ń ní ọ̀rá tó 8 sí 12 nínú 100. Bí ẹ bá ń fi epo pupa sí i ní ìgbà ooru, kò burú. Nígbà ọyẹ́, ẹ dín in kù kí ẹ fi òróró dípò apá kan rẹ̀. Ẹ má sì tọ́jú fíìdì ọlọ́ràá sábẹ́ páànù gbígbóná fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí pé ọ̀rá rẹ̀ yóò kan.

Èèpo, háhá àti èèrí kì í dà nínú ẹja àrọ̀. Wọ́n kàn ń ti oúnjẹ tó kù síwájú ni, kí ẹ́ńsáìmù tó ráyè sí i. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú àwọn hóró, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, wà ní ìdè tí inú ẹja kò lè tú, nítorí náà eegun ẹja tí ó ń jẹ kìkì ohun ọ̀gbìn kì í le, ìyókù rẹ̀ sì ń lọ sọ omi di aláwọ̀ ewé.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé oúnjẹ ń dà? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táńkì. Ní àárọ̀, ẹ fi rọ́bà fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ sínú abọ́ funfun kan, kí ẹ fi ìka pa á. Bí ẹ bá rí hóró àgbàdo wínníwínní tí kò yí padà, ìlọ̀ yín kò kúnná tó tàbí iná kò kàn án. Bí fíìdì odidi ni ẹ rí, ẹ ti bù ú jù. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹ bá fẹ́ pa ẹja jẹ nílé, ẹ pa á ní wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn tí ó jẹun, kí ẹ la ikùn rẹ̀. Mo ń ṣe èyí títí di òní, ìyàwó mi sì ti ń béèrè bóyá ọbẹ̀ ni à ń sè tàbí ìdánwò ni à ń ṣe. Bí ikùn bá ṣì kún fún fíìdì tó dúró odindi, oúnjẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì kò tíì yá. Ẹ wo òróòro náà: ẹja tí kò jẹun fún ìgbà pípẹ́, òróòro rẹ̀ máa ń kún, á wú, àwọ̀ rẹ̀ á sì dúdú, ti ẹja tó ń jẹun déédéé máa ń rọ̀, torí pé ó ti tú u sórí oúnjẹ. Ẹ kọ ìgbóná omi ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ẹ rí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ní ìṣirò lè ṣe bí wọ́n ti ń ṣe ní ilé ìwádìí, irú èyí tí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbí ní 1988, fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ọ̀sìn ẹja. Wọ́n máa ń po ohun kan tí kì í dà rárá, chromic oxide, mọ́ fíìdì ní ìwọ̀n kékeré, wọ́n á sì wá wọn iye rẹ̀ nínú ìgbẹ́ ẹja. Ká ní 0.5 nínú 100 ni ó wà nínú fíìdì, tí ó sì jẹ́ 2.0 nínú ìgbẹ́. Ó ti pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin, èyí tó túmọ̀ sí pé ìdá mẹ́rin kan oúnjẹ náà ni ó jáde, 75 nínú 100 sì dà. Bí amúaradàgbà bá jẹ́ 40 nínú fíìdì tí ó sì jẹ́ 20 nínú ìgbẹ́, ẹ fi ìdajì yìí sọ ìdá mẹ́rin náà di púpọ̀, ẹ óò rí 12.5 tó jáde, 87.5 nínú 100 amúaradàgbà ni ẹja gbà.

Ohun tó kù kò gùn. Ẹ pààrọ̀ omi kí ẹ tó bọ́ ẹja, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé omi tí ìgbóná rẹ̀ yàtọ̀ lójijì lè mú kí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yó pọ oúnjẹ rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí tẹmómítà sì ti padà sí 28°C, ẹ má ṣe dá fíìdì padà sí kílò 4.5 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ fi nǹkan bí ìlàjì kílò kún un ní ọjọ́ méjì-méjì, kí ẹ máa wo ìsàlẹ̀ táńkì ní àràárọ̀, ọjọ́ tí ẹ bá sì rí fíìdì odidi nínú abọ́ funfun náà, ẹ padà sí ìwọ̀n ọjọ́ tó ṣáájú.